Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Bí Ikúmápàyí bá bínú sí ènìyàn, kì í pariwo. Á kàn yọ orúkọ onítọ̀hún kúrò lẹ́nu ni, bí ẹni yọ eegun kúrò nínú ẹja, kò sì ní pè é mọ́. Gbogbo etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, Bàrígà, ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ní àbúrò kan ní Ayétòrò tí kò kí mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan tó sọ níbi ìsìnkú ìyá wọn. Pásítọ̀ kan wà tó bá a wí níwájú ìjọ. Láti ọjọ́ náà, ìjọ mìíràn ló ń lọ. Ní Ṣómólú, níbi tí ó ti ń fi ẹ̀rọ gé bébà fún àwọn atẹ̀wé, ọ̀gá rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀bẹ ẹ̀rọ yìí àti ọkàn Ikúmápàyí, èwo ló mú jù?"

Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé oríyìn ló kà á sí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ti fi ìwé sílẹ̀, kò sì sí ohun tí ó kọ́ tí ó dá a lójú tó èyí: pé ohun tí a bá ti gé, gígé ló gé.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó yọ kúrò lẹ́nu gbẹ̀yìn, ti Wonder ni, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Wonder sì ti kú.

Ibà ni wọ́n ní ó pa á. Abúlé Òkúta ló kú sí, nínú yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Fọlọ́runṣọ́, tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín ni àwọn aládùúgbò ti yí ohùn padà. Wọn kò pe Ikúmápàyí ní Bàbá Wonder mọ́. Bàbá Hadassah ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ tó kù. Kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀ fún wọn. A kì í fi orúkọ ọmọ tó kú pe bàbá tó bí i, kí a má baà máa tọ ojú egbò. Ìyàwó rẹ̀, Beatrice, tó ń yan ẹja tà ní ẹ̀yìn ilé, náà ti di Ìyá Hadassah lójijì. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pe ti àtijọ́, á gbé e mì láàárín ọ̀nà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹja.

Ìdí tí Wonder fi kúrò nílé nìyí.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni òun náà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń fi kọ̀ǹpútà to àwòrán àti ọ̀rọ̀ sójú bébà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́rí ní ìrọ̀lẹ́. Á fi nǹkan dí etí, á sì máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni bàbá rẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà tó gbọ́ ohùn obìnrin nínú yàrá náà. Ó dúró. Ohùn náà kì í ṣe ti obìnrin. Wonder ló sọ ohùn ara rẹ̀ di tín-ín-rín, tó ń sọ pé: "Olólùfẹ́ mi, tí o bá fẹ́ràn mi lóòótọ́, ránṣẹ́ sí mi kí ọkọ̀ tó ṣí." Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló tún sọ ohùn di ti arúgbó, ó sì tún di ti obìnrin.

Kò sí bàbá kan ní Bàrígà tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọmọkùnrin tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, tó ń fi ohùn obìnrin pe ènìyàn ní olólùfẹ́, kí ló kù tí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wí? Àwọn ọmọ yàhúù tí wọ́n ń fi ìfẹ́ tan àwọn òyìnbó jẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ikúmápàyí ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Dádì, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé," ni Wonder wí, ó yọ nǹkan kúrò létí.

"Ohùn wo nínú ohùn rẹ lo fẹ́ fi ṣàlàyé?"

"Fíìmù ni, sà. Ẹ jókòó, ẹ wò ó."

"Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ mọ́ nínú ilé yìí. Mi ò lọ́mọ tó ń jalè."

Ọmọ àgbọ̀nrín kì í ya ọmọ àgùntàn. Agídí bàbá náà wà lára ọmọ. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó kó aṣọ sínú báàgì, kò sì bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé.

Nígbà tí ibà dé, Fọlọ́runṣọ́ wá sí Bàrígà láti jíṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni Ikúmápàyí ti dá a dúró. Kò jẹ́ kó parí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó gbà á sílé ni kó máa tọ́jú rẹ̀," ló wí, ó sì yíjú padà. Nígbà tí wọ́n máa fi mú ìròyìn kejì wá, àwọn àgbà ìjọ ni wọ́n rán.

Òbí kì í dé etí kòtò ọmọ rẹ̀. Ikúmápàyí kò lọ, kò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí dòní. Ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lọ pé Fọlọ́runṣọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Ó ní Fọlọ́runṣọ́ ló pa ọmọ òun. Ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, bí ẹni pé bí òun bá dákẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á wá ẹlòmíràn lọ.

Ẹrù tó padà wá láti Abúlé Òkúta kò pọ̀. Beatrice kó aṣọ fún àwọn aláìní ní ìjọ. Kọ̀ǹpútà náà ni Ikúmápàyí fi àwọ̀n tó ti ya wé, ó sì tì í sábẹ́ ibùsùn.

Òjò ń rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí Hadassah lọ fà á jáde. Beatrice ń la ẹja nínú ọpọ́n lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ikúmápàyí jókòó sórí àga, ó ń wo bí omi ṣe ń kún nínú gọ́tà.

"Dá a padà síbi tí o ti rí i," ló wí.

"Dádì, fótò ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo fẹ́ wò."

"Fótò rẹ̀ wà lára ògiri."

"Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ló wọ̀ nínú ìyẹn. Ojú tó ní kó tó lọ ni mo fẹ́ rí."

"Mo ní dá a padà."

Beatrice fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bàbá Hadassah, tí ẹ bá ti bá òkú jà, tí ẹ bá alààyè jà, ta ló wá kù? Ẹja yìí?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà."

"Òótọ́ ni. Ẹ kì í jà. Ẹ kàn máa ń dákẹ́ ni. Hadassah, ṣí i."

Ó pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti lo irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ikúmápàyí yíjú sí òjò, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Hadassah kò rí fótò níbẹ̀. Fíìmù ló kún inú rẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan. Àwòrán tó jáde kò ní àwọ̀ kankan, dúdú àti funfun nìkan ni: ojú ọ̀nà tóóró, ilé pákó lọ́tùn-ún lósì, òjò ń rọ̀, ọkùnrin kan tó dé àkẹtẹ̀ ń bọ̀ lábẹ́ iná kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ jọ ti àwọn ará Ṣáínà. Ó dúró, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn kan bèèrè láti inú kọ̀ǹpútà.

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ Beatrice sínú ọpọ́n. Ikúmápàyí dìde, ó sì tún jókòó. Ohùn Wonder ni.

Fíìmù ń lọ. Ọkùnrin alákẹtẹ̀ náà la ẹnu, ohùn Wonder jáde. Arúgbó kan tó ń ṣọ́ ilé ẹrù létí òkun la ẹnu, ohùn Wonder tún jáde, ṣùgbọ́n ó ti fi ìwúkọ́ díẹ̀ sí i, èdè Ìlàjẹ ló sì ń sọ, bíi ti bàbá àgbà rẹ̀ tó ń hun àwọ̀n. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sá, wọ́n ń lúgọ, wọ́n ń purọ́ fún ọlọ́pàá, Wonder nìkan ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó ń ta ọtí di ọwọ́ atukọ̀ ojú omi kan mú ní èbúté, ó gbé ojú sókè, ó ní: "Olólùfẹ́ mi, tí o bá fẹ́ràn mi lóòótọ́, ránṣẹ́ sí mi kí ọkọ̀ tó ṣí."

Ohùn tín-ín-rín náà ni. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni, kò lé, kò dín.

Beatrice ń sunkún, ṣùgbọ́n ó tún ń rẹ́rìn-ín, nítorí ohùn obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ṣe náà burú. Ikúmápàyí kò ṣe èyíkéyìí. Ó di apá àga mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí ìgbì ń gbé.

"Kí ni gbogbo èyí?" ló bèèrè nígbẹ̀yìn.

Hadassah ló ṣàlàyé. Àwọn ará Akoka kan ló gbé iṣẹ́ wá fún Wonder ní Ṣómólú, ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ fi pe ènìyàn wá wo fíìmù àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáànì, èyí tó dá lórí àwọn apànìyàn àti àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nígbà tó gbé iṣẹ́ náà lọ fún wọn, ó ní kí òun wò ó díẹ̀. Ó wò ó tán. Ó tún padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó sì bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fún un ní èyí tó pọ̀.

"Ó ní àwọn èèyàn inú ẹ̀ jọ wá," ni Hadassah wí. "Ó ní wọ́n ń tẹrí ba fún àgbà, wọ́n ń jẹ ẹja, òjò kì í sì í dá ládùúgbò wọn. Ó ní Dádì máa fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, ó sì ń sáré. Ó ní ẹ ò ní lè kà á tán kó tó lọ. Ló bá ní òun á sọ ọ́ fún yín."

"O mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Hadassah wo ilẹ̀. "Ẹ ní ká má dárúkọ ẹ̀ nínú ilé yìí, sà."

Láti ọjọ́ náà ni Ikúmápàyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù. Bó bá ti dé láti Ṣómólú, kó tó wẹ̀, kó tó jẹun, á ní kí Hadassah ṣí i fún òun. Ó rí ọ̀kan tí akọ̀wé ọjà ẹja kan pa ọ̀gá rẹ̀, tó sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Òmíràn dá lórí obìnrin tó fi ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ pamọ́ sínú ìkòkò ìrẹsì, tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì jókòó ti ìkòkò náà, ó ń mu tíì. Kò rí irú rẹ̀ rí. Nínú àwọn fíìmù tó mọ̀, olè á burú tòkè-tilẹ̀, wọ́n á mú un, ayé á dára. Nínú èyí, apànìyàn a máa tún bàtà ọmọ rẹ̀ rán. Ọlọ́pàá náà kò sàn ju olè lọ. Àárẹ̀ a mú un, òógùn a bo ojú rẹ̀, á sì máa wá ohun tó mọ̀ pé bí òun bá rí i, inú òun kò ní dùn.

Àwọ̀ dúdú náà tún wọ̀ ọ́ lójú. Nídìí ìtẹ̀wé, iṣẹ́ tí wọ́n bá fi íńkì dúdú nìkan ṣe, wọ́n kà á sí iṣẹ́ tálákà. Ṣùgbọ́n níbí, ó rí bí wọ́n ṣe fi dúdú nìkan ya òjò, tí wọ́n fi ya ojú ẹni tó ń purọ́, tí wọ́n fi ya ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń ti Ṣómólú bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á rí i pé òun ń wo àwọn òpópónà tí òjò ti rin bí ẹni pé àwọn ènìyàn náà lè yọ láti kọ̀rọ̀ ìgbàkúgbà. Ó ti gbé ibẹ̀ dàgbà, kò mọ̀ pé ó lẹ́wà. Á fẹ́ bá ẹnì kan sọ ọ́. Ẹni tó yẹ kó bá sọ ọ́ náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn.

Ibì kan wà tí Wonder ti ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, tó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, tó sì gbàgbé láti pa ẹ̀rín náà rẹ́. Ikúmápàyí a máa ní kí wọ́n dá a padà síbẹ̀. Hadassah á dá a padà láìbèèrè nǹkan kan.

Fíìmù tó kẹ́yìn ló wá di ọ̀rọ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ arúgbó kan ló ń wá ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀, ọmọ tí wọ́n ní ó bá wọn fọ́ ṣọ́ọ̀bù onígóòlù. Bàbá náà rìn dé gbogbo ilé ọtí, ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣẹ́wó, ó wọ ọkọ̀ ojú irin nínú òjò. Wonder sọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn, àfi fún bàbá náà. Bó bá ti la ẹnu, èdè Jàpáànì ló ń jáde. Ikúmápàyí rò pé iṣẹ́ náà ni kò tíì parí. Nígbà tí bàbá náà dé ilé pákó kan létí omi, ó kan ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ dìde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó la ẹnu láti dáhùn.

Èdè Jàpáànì ló jáde. Láti ibẹ̀ lọ, Wonder kò sọ nǹkan kan mọ́.

"Ẹ jẹ́ n ka Gẹ̀ẹ́sì abẹ́ ẹ̀ fún yín," ni Hadassah wí.

"Pa á."

"Mo lè kà á, sà. Kò le."

"Kì í ṣe ìwọ ni mo fẹ́ kó sọ ọ́ fún mi. Níbo ló kù sí?"

Hadassah wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn fún un, láìgbé ojú kúrò lára ààrò tó ń kó igi sí.

"Ọwọ́ ẹni tí ẹ ní kó má fọwọ́ kan ṣọ́bìrì ni. Ibẹ̀ ló gbé nígbà tó kúrò níbí. Tó bá ṣe é parí, ibẹ̀ náà ló ti máa parí ẹ̀."

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Ikúmápàyí kò wo fíìmù. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń gé bébà, ṣùgbọ́n ó gé iṣẹ́ oníṣẹ́ wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí kò ṣe rí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ náà dìde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ló sọ? Bó bá lọ síbẹ̀, a jẹ́ pé ó ti jẹ́wọ́ pé ilé ni ilé náà, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti pa á. Bí kò bá sì lọ, ohùn díẹ̀ tó kù láyé nínú ohùn ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà.

Ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà sí abíyá, ó sì rìn láti Bàrígà dé Abúlé Òkúta, torí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú kẹ̀kẹ́ bi í pé níbo ló ń lọ.

Fọlọ́runṣọ́ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà níwájú yàrá rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu inú fóònù kan. Ó gbé ojú sókè. Ó dìde, ó tẹrí ba, ṣùgbọ́n kò dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá Wonder."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú.

"Ṣé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́ ni, sà? Àwọn tó ń tún un ṣe pọ̀ ní Bàrígà."

"Kò bàjẹ́."

"Ó dáa." Fọlọ́runṣọ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú fóònù náà. "Lọ́jọ́ tí mo wá sílé yín, ẹ ò fún mi ní àga. Àga rèé, ẹ jókòó."

Ikúmápàyí jókòó.

"Ẹ ní kí wọ́n má jẹ́ n gbé ṣọ́bìrì," ni Fọlọ́runṣọ́ wí.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yìn ògiri ni mo dúró sí. Mi ò rí wọn. Iyẹ̀pẹ̀ ni mò ń gbọ́."

"Mo ní mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n tún un sọ ni?"

"Rárá, sà. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo gbọ́ ọ ni."

Obìnrin kan ń kiri búrẹ́dì kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó wo inú, kò sì polówó fún wọn. Ikúmápàyí ṣí kọ̀ǹpútà náà lé orúnkún, ó yí ojú rẹ̀ sí Fọlọ́runṣọ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀, nítorí náà ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ wá.

"Fíìmù tó gbẹ̀yìn. Èyí tí bàbá ń wá ọmọ ẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ gbọ́ ìyókù."

Fọlọ́runṣọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Ẹ ti wò wọ́n?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ẹ wo ti obìnrin onírẹsì yẹn?"

"Mo wò ó. Ó yẹ kí ọlọ́pàá yẹn ti mọ̀ látìgbà tí obìnrin náà ti kọ̀ láti bu ìrẹsì fún un."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Fọlọ́runṣọ́, ó sì pa á mọ́. "Ohun tó sọ náà nìyẹn. Ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ìrẹsì yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè."

Ó fa kọ̀ǹpútà tirẹ̀ súnmọ́ra, ó wá nǹkan kan nínú rẹ̀. "Ìyókù ò pọ̀ o, sà. Ara rẹ̀ ti gbóná nígbà yẹn. Mo ní kó sùn, kò gbà. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ilé pákó yọ, òjò yọ, ọmọ náà dìde lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohùn Wonder jáde, ó há, ó fẹ́lẹ́, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àgbá.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni?" Ó mí. "Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá lẹ bá wá, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bàbá mi, ilẹ̀kùn ò tì."

Ikọ́ gbà á. Ó pẹ́. Àwòrán ń lọ, ikọ́ náà ń lọ pẹ̀lú rẹ̀, tí ó fi dà bí ẹni pé ọmọkùnrin inú fíìmù ló ń wú u. Wọ́n wá gbọ́ ọ tó ní, "Fọlọ́, pa á. Mi ò ṣe é dáadáa. Màá tún un ṣe lọ́la." Ohùn náà sì kú.

Ikúmápàyí gbé etí súnmọ́ kọ̀ǹpútà náà.

"Kò sí mọ́?"

"Kò sí mọ́, sà."

"Bàbá náà ńkọ́? Kí ló dé tí kò sọ ti bàbá náà rárá?"

Fọlọ́runṣọ́ yí ojú kúrò lára àwòrán. "Ó ní ìyẹn kì í ṣe tòun. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ó ní ọkùnrin yẹn ń rìn bíi yín, kì í jókòó bí wọ́n bá ní kó jókòó. Ó ní tí inú yín bá ti rọ̀, òun á gbé máìkì wá bá yín." Ó pọ́n ètè lá. "Lọ́jọ́ tí mo wá sílé yín, ìyẹn náà wà nínú iṣẹ́ tó rán mi. Ó ní kí n sọ fún yín pé ara òun ò yá, kẹ́ ẹ wá, pé iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ tiyín."

Níta, ẹnì kan ń pe Fọlọ́runṣọ́ nítorí fóònù rẹ̀. Ó ní kó padà wá.

"Gbé e wá," ni Ikúmápàyí wí.

"Kí ni, sà?"

"Nǹkan tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí. Gbé e wá."

Fọlọ́runṣọ́ yọ máìkì kékeré kan jáde látinú dúrọ́ọ̀, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì gbé e síwájú àgbàlagbà náà. Ó fi ìka tọ́ka sójú àwòrán. "Tí ẹnu ẹ̀ bá ti ṣí báyìí, kẹ́ ẹ sọ ọ́. Kò gùn. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni pé," ó dúró, ó tún un kà sínú, "pé, 'Mi ò lọ́mọ.' Ó kàn sọ bẹ́ẹ̀, ló bá yíjú padà, ó ń lọ."

"Ìyẹn kọ́."

"Òun ló wà níbẹ̀, sà."

"Mo ní ìyẹn kọ́. Mi ò ní sọ ọ́."

"Bàbá Wonder, ohun tí ọkùnrin náà sọ nìyẹn. Bó ṣe wà nínú fíìmù nìyẹn."

"Mo ti sọ ọ́ rí," ni Ikúmápàyí wí.

Fọlọ́runṣọ́ wò ó. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí kọ̀ǹpútà, ó dá àwòrán padà sẹ́yìn, ó sì tẹ̀ ẹ́ láìbèèrè ohun mìíràn mọ́.

Òjò rọ̀ sórí ilé pákó. Ọkùnrin arúgbó náà gbé ọwọ́ sókè, ó kan ilẹ̀kùn. Ohùn tó há náà bèèrè bóyá bàbá òun ni, ó sì ní ilẹ̀kùn kò tì. Ikọ́ tẹ̀ lé e. Ojú ọlọ́pàá náà kún gbogbo àwòrán, dúdú ní apá kan, funfun ní apá kejì. Ó la ẹnu.

"Wonder," ni Ikúmápàyí wí sínú máìkì. "Èmi ni. Mo ti dé. Mo fẹ́ wọlé."

Orúkọ ọmọ inú fíìmù kì í ṣe Wonder. Fọlọ́runṣọ́ kò sọ fún un. Ẹnu ọkùnrin tó wà nínú àwòrán ti pa dé tipẹ́, ó ti yí ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ti dé àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó ń rìn lọ nínú òjò, ohùn Ikúmápàyí sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń sọ pé mo fẹ́ wọlé, mo fẹ́ wọlé, títí tí ọ̀nà náà fi dúdú tán.